Àwòdì Tí A Fi Sàárà Bọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kawo ló ń sọ ọ́ kiri pé igún ló ya Alhaja lójú. Kì í ṣe igún. Òkú ni igún ń dúró dè, kì í bá alààyè jà, àti pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, agbára káká ni mo fi ń rí igún kan ní gbogbo Kàdúná. Àwòdì ni. Ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀, tí ìrù rẹ̀ là bí ìrù ẹja, tí ó máa ń yípo lókè ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ó lè já ìfun ẹran gbà láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kó sì máa jẹ ẹ́ lójú òfúrufú bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú lọ lójú ọ̀nà. Shirwa ni àwọn Hausa ń pè é. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun igbó lọ́nà Mando, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé síbi èéfín, tí á máa mú tata àti alángbá tí iná ń lé. Bí òjò bá tún ti bẹ̀rẹ̀, á gba ọ̀nà àríwá lọ.

Agbo ilé kan náà ni èmi àti Alhaja jọ ń gbé. Ọmọ Ìlọrin ni, opó ni, ó sì dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi. Yàrá tirẹ̀ kọjú sí tèmi, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà láàárín, igi ọ̀gànwó ńlá kan sì ṣíji bo gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi ti lọ bá ọmọ wa tọ́ ọmọ ní Ìbàdàn lọ́dún náà, nítorí náà àwa méjèèjì la máa ń kí ara wa ní àárọ̀, tí a sì máa ń bú ara wa ní ìrọ̀lẹ́.

Ojú kan ni Alhaja ní. Àrùn kan tí kì í dunni ló jẹ ojú òsì rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ń jẹ ẹ́. Dókítà ní kó máa kán oògùn sí ti ọ̀tún, kó má sì jẹ́ kí ohunkóhun kàn án. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní Kùránì nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, “Tíṣà, ẹyọ kan yìí ni mo fi ń kàwé Ọlọ́run. Bí ó bá lọ, kí ni mo tún ń ṣe láyé?”

Nítorí ojú yìí ló ṣe dá májẹ̀mú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, á ra ẹ̀dọ̀fóró màlúù, á gé e wẹ́wẹ́, á dúró lábẹ́ ọ̀gànwó, á sì máa jù ú sókè fún àwọn àwòdì. Sàárà ni. Ó ní ẹ̀dá tí kò lè ṣagbe ni sàárà rẹ̀ tọ́ sí jù, kí Ọlọ́run lè fi ojú kejì sílẹ̀ fún òun.

“Alhaja,” mo ní, “ẹyẹ wọ̀nyí ń ṣagbe o. Ẹnu nìkan ni wọn kò fi ṣe é.”

“Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹran bá ń wù yín jẹ, ẹ bọ́ síta kí ẹ la ẹnu.”

Ká sọ òótọ́, mo gbádùn rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo máa ń gbé àga jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wò wọ́n. Ẹran kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹyẹ á pa ìyẹ́ dé, á já wálẹ̀ bí òkúta, á na ẹsẹ̀ kan, á hán an. Bí méjì bá dojú kọ ẹyọ kan, wọ́n á di èékánná mú ara wọn, wọ́n á máa pòòyì bọ̀ wálẹ̀, ìyẹ́ á máa fò. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n fa ojú rẹ̀ yọ nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, àwọn tó kù ya á jẹ kí ó tó kú tán. Alhaja yíjú padà. Èmi kò yíjú.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, tọkọtaya kan nínú wọn kọ́ ìtẹ́ sórí ọ̀gànwó wa gan-an. Igi gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi ọ̀rá, irun ewúrẹ́, àkísà àti ìbọ̀sẹ̀ tí mo sá sórí okùn tẹ́ inú rẹ̀. Inú Alhaja dùn. Ó ní àwọn àlejò òun ti di onílé. Kò rí i pé ẹran ọjọ́ Jímọ̀ ló pè wọ́n wá, èmi tí mo rí i kò sì sọ ọ́ síta. Ó wù mí kí n rí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ.

Nígbà tí ẹyin pa, nǹkan yí padà. Mo ní ọmọ adìyẹ méje. Mo ti fi oògùn egbò aláwọ̀ àlùkò kùn wọ́n, bí àwọn aládùúgbò ti máa ń ṣe, kí ẹyẹ má bàa mọ̀ pé ọmọ adìyẹ ni wọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwòdì fi kó wọn tán. Èyí tó kẹ́yìn ṣì ń ké nígbà tó gbé e sókè. Ó tẹ orí bá a, ó já a lọ́rùn, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ó ti ń fò, irun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ àlùkò ń já bọ́ sórí iyanrìn. Ìyá wọn ń sá kiri lábẹ́ rẹ̀ tòun ti ẹnu yíyà. Mo sọ fún ara mi pé ìkà kọ́, ọmọ ló ń bọ́. Bí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nìyẹn, ó sì rọrùn láti sọ nígbà tó jẹ́ pé adìyẹ ló ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó ń ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. Nígbà tí mo fi máa jáde, ìborùn rẹ̀ ti wà lókè lẹ́sẹ̀ ẹyẹ, ẹ̀jẹ̀ sì ń ti ìpàkọ́ rẹ̀ ṣàn wọnú ẹ̀wù.

“Tíṣà! Wọ́n ti ṣá mi ládàá o!”

“Kì í ṣe àdá, Alhaja. Àwòdì ni.”

“Àwòdì tèmi? Tí mo ń fún lẹ́ran?”

Mo fi omi iyọ̀ nu orí rẹ̀. Ojú egbò mẹ́ta ni, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní kí n wá ẹni tí yóò já ìtẹ́ náà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé àwọn ọmọ á ti fò nígbà náà, ìjà á sì tán.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ẹ̀rọ yìí ni mo ti ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ṣebí tíṣà ni yín.”

“Ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀yìn ló ti kọlù yín. Ẹyẹ yìí kì í kọlu ẹni tó bá ń wò ó lójú. Bí ẹ bá ń bọ̀ nídìí ẹ̀rọ, ẹ gbójú sókè, ẹ máa wò ó bọ̀. Á yà.”

“Kí n wá gbé ẹyọ kan tí mo ní sókè fún un?”

“Mo ti dán an wò fúnra mi, Alhaja. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.”

Òótọ́ ni, mo ti dán an wò. Alhaja ní, “Ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀.”

Ó ṣe é fún ọjọ́ márùn-ún. Èmi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun á rìn bọ̀ tòun ti ṣágo omi lọ́wọ́, á gbé ojú sókè. Ẹyẹ á já wálẹ̀, á rí i pé ó ń wo òun, á sì yà. Èmi á pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè bó ṣe yẹ.

Ní ọjọ́ kẹfà, ìrun Alásárì kù díẹ̀. Abo àwòdì náà já wálẹ̀ láti iwájú. Alhaja kọjú sí i gbọn-in, ẹyẹ yà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́ ni mo rí akọ, tó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì, ní ìsàlẹ̀, láìdún. Mo pariwo. Níbo ló fẹ́ wò? Ìhà òsì yẹn òkùnkùn ni fún un. Mo ti mọ̀ pé ojú kan ló ní, mo sì mọ̀ pé ẹyẹ méjì ni. N kò fìgbà kankan ro méjèèjì pọ̀.

Èékánná wọ eegun ẹ̀bátí rẹ̀, ó fà á lọ sórí ìpéǹpéjú òsì, ó gba orí imú kọjá sọ́nà ojú ọ̀tún. Ẹyẹ náà há sínú gèlè, ó ń fi ìyẹ́ gbá a lójú, Alhaja ń ké lórúkọ Ọlọ́run, àwọn méjèèjì ń pòòyì nídìí ẹ̀rọ. Ọwọ́ lásán ni mo fi di ẹyẹ náà mú tí mo fi já a kúrò. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò lójú, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ojú níbẹ̀.

“Tíṣà, n kò ríran.”

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la wọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Títí a fi débẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Dókítà fi omi wẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ la ìpéǹpéjú ọ̀tún, ó tan iná sí i. Ó ní ojú náà wà. Ojú egbò náà dúró ní ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan sí i. Wọ́n rán ìyókù. Nígbà tí wọ́n rán an tán, Alhaja fi ojú pupa náà wò mí.

“Ẹ̀kọ́ yín yìí,” ó ní, “ẹ má fi mí ṣe ìdánwò rẹ̀ mọ́.”

Kò bú mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń retí rẹ̀ pé yóò bú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ pe agégi kan wá láti Rigasa. Kó tó gun igi, ó fi láwàní wé gbogbo ojú àti orí, ó ku ihò ojú nìkan. Ó wá ní kí n ṣí fìlà mi kúrò lórí, kí n dúró síta gbangba lábẹ́ igi.

Mo bi í pé kí ló dé.

“Malam,” ó fi Hausa dáhùn, “shirwa máa ń mọ ojú ènìyàn. Gbogbo ọdún ni mo ń wá gé igi ládùúgbò yìí. Ẹni tó ni iṣẹ́ ni kí wọ́n mọ̀, kì í ṣe èmi. Gbogbo àwa agégi la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Haba! Ta ló sọ fún yín pé—” Mo ti fẹ́ ṣàtúnṣe fún un. Mo rántí òwú tí wọ́n fi rán ojú Alhaja, mo ṣí fìlà.

Ó gùn ún. Àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe tín-ín-rín tó ń gbọ̀n bí fèrè tí omi wọ̀, wọ́n ń ṣá a lẹ́yìn, wọ́n ń já aṣọ rẹ̀. Ó ń fi àdá dáàbò bo ara rẹ̀, ó ń gé ẹ̀ka. Ìtẹ́ náà já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń gbá ẹ̀ka bọ̀ wálẹ̀, ó fọ́ yángá níwájú mi. Ọmọ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ti kú, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Èkejì ti ń hùyẹ́, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó fò. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó na èékánná méjèèjì sí mi, ó la ẹnu.

“Pa á, Malam!” Ọkùnrin náà pariwo láti òkè. “Bó bá wà láàyè, wọn ò ní kúrò nílẹ̀ yìí!”

Gbogbo ọjọ́ ayé mi nínú kíláàsì ni mo fi gba òkúta lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ sọ ọ́ lu ẹyẹ. Mo mú ọmọrí odó Alhaja níbi tó fi ara ti ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi lù ú. Lẹ́ẹ̀kíní, ó di igi náà mú, n kò sì lè gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá rẹ̀ bà mí lórí, awọ orí mi là. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó parí. Mo gbọ́ Alhaja tó ń pè mí láti ojú fèrèsé: “Tíṣà, ẹ wọlé! Ó ti tó! Ẹ wọlé!”

Àwọn ẹyẹ méjèèjì kò kúrò. Orí ọ̀gànwó náà ni wọ́n ń bà sí títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀. Alhaja, tòun ti òwú lójú, á jáde ṣe àlùwàlá nígbà márààrún lójúmọ́. Wọn ò wo ibi tó wà. Agégi náà padà wá gé igi ilé kejì, wọn ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn mi bá ti dún, wọ́n ti gbéra. Mo ń dé bàsíà sórí lọ sí ilé ìyàgbẹ́, èékánná ń ha á lórí mi gbàrà-gbàrà. Wọ́n tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì, wọ́n tẹ̀ lé mi dé títì, títí n kò fi jáde mọ́. Alhaja ló wá ń bá mi ra búrẹ́dì. Á gbé e wọlé, á jókòó.

“Wọ́n ń kí yín lókè,” ó ní lọ́jọ́ kan.

“Ẹ bá mi kí wọn.”

“Mo ti bá yín bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní rárá.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá a dúró nítorí pé ibi tí wọ́n rán ń dùn ún. Ó ní òun ti dá ẹran ọjọ́ Jímọ̀ dúró, pé opó kan tó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn ọjà ni òun ń gbé e fún báyìí. Ó dìde, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ti dé.

Mo ti fèrèsé mi pa nínú ooru Sátidé yẹn. Mo ń gbọ́ igbe àwọn ẹyẹ lórí páànù mi, mo sì ń gbọ́ Alhaja ní òdìkejì, tó ń ka ẹsẹ Kùránì fún àwọn obìnrin náà, díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró, tó ń ní kí wọ́n wo inú ìwé dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ lé òun.