Ibú Bàbá Mi Lójú Pátákó Ìkọ̀wé

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, mo sáré títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi. Ojú ọ̀nà tiwa kì í ṣe ilẹ̀, pátákó tí wọ́n tò sórí òpó ni, láti ilé dé ilé, omi ń ṣàn nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré lórí ẹ̀, àfi kó jẹ́ pé ó jí nǹkan, tàbí kó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ń jó. Èmi, mo yege ni!

"Mo yege! Mo yege o!"

Iye mi, bí a ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ wa nìyẹn, wà nídìí ààrò tó ń yí ẹja. Ó fi ọwọ́ tó kún fún èédú gbá mi mọ́ra, ó ba aṣọ mi jẹ́, kò sì kàn mí rárá.

"Kà á fún mi," ló wí. "Kà á kí n gbọ́."

Mo kà á. Wọ́n ní mo ti di tíṣà, pé kí n múra láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé mọ́dà, àwọn tó ti parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní jọ́gíráfì àti ìtàn àti ètò ìlú. Nísàlẹ̀ lẹ́tà, ìsípẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ tóun wá wò mí ló dára jù nínú gbogbo èyí tóun rí lọ́dún náà.

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ohùn mi ti lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn tí ìsípẹ́kítọ̀ ń yìn yìí, òun ni mo fi ta bàbá mi.

"Kí ló dé?" Iye mi gbé àgbọ̀n mi sókè. "Ẹni tó yege kì í sunkún."

"Èéfín ni, Iye."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Òkun etí ilẹ̀ wa kì í tètè jìn. Ẹrẹ̀ ló tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ẹrẹ̀ yẹn jìn wọnú bí ìkòkò, ibẹ̀ ni ẹja máa ń rọ́ lọ tí omi bá gbóná. Ìyẹn là ń pè ní ibú. Bàbá bàbá mi ló rí tiwa. Kò sí ẹni tó lè ri òpó mọ́ àárín òkun kó ní ibẹ̀ jẹ́ tòun, òkun kì í ṣe ti ẹnì kan. Àmì tí èèyàn fi ń mọ ibẹ̀ nìkan ni ti ẹni.

Orí ilẹ̀ ni àmì tiwa wà. Tí o bá wà lójú òkun, tí o bojú wẹ̀yìn, tí àgbọn olórí méjì bá wọ ẹ̀yìn òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí o ò rí i mọ́, ìyẹn ọ̀kan. Tí o bá wo ọwọ́ òsì, tí ẹnu odò ṣí sílẹ̀ fún ọ tí o ń wo inú ẹ̀ gbọọrọ láàárín àwọn igi ẹ̀gbà etí omi, ìyẹn èkejì. Tí méjèèjì bá pé, ju àwọ̀n sílẹ̀. Mo lè sọ ọ́ báyìí, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Nígbà yẹn, a kì í sọ ọ́ lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ létí. Bàbá ló ń gbé ọmọ dé orí ibú, á ní kó bu omi òkun kó fi ṣan ẹnu, lẹ́yìn náà á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá mi gbé mi lọ. Èmi ni àkọ́bí, àwọn ọkùnrin tó tẹ̀lé mi ṣì ń rákòrò. Àbúrò bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ níwájú, òun nìkan ló tún mọ àmì náà láyé.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ọmọbìnrin mà ni o! Yóò kó o lọ sílé ọkọ."

"Kó máa kó o lọ. Ọmọ mi ni."

"Ẹ ó sọ pé mo wí."

"Wa ọkọ̀ ẹ, jàre."

Bàbá mi ní kí n ṣan ẹnu. Mo bu omi náà, iyọ̀ ẹ̀ há mi lọ́fun, mo ń wúkọ́, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín mi. Nígbà tá a délé, mi ò jẹ pùpùrú tí wọ́n gbé fún mi. Mi ò fẹ́ kí oúnjẹ fọ iyọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo dàgbà, mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, ilẹ̀ òkè ló wà. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, a ó wọ lọ́rì níbẹ̀, eruku á kún wa nímú títí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbádùn ibẹ̀! Àwọn ọmọ ilẹ̀ òkè tí a jọ ń gbé yàrá kì í jẹ́ kí n sinmi.

"Ọmọ olómi, ṣé lóòótọ́ ni pé tí ìkókó yín bá yí kúrò lórí ẹní, inú odò ló ń já sí?"

"Lóòótọ́ ni. Ẹja á sì gbé e padà wá fún wa."

"Yéè! Ẹja tí ẹ ti jẹ ìyá ẹ̀!"

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní jọ́gíráfì, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ni. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé ẹnu ọ̀nà ọmọ ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ká má bẹ̀rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ kan ó kọ́ wa bí àwọn tó ń ya máàpù ṣe ń mọ ibi tí wọ́n wà: wo ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán, fa ìlà wá láti ibẹ̀, wo òmíràn, fa ìlà, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti dábùú ara wọn, ibẹ̀ lo wà. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo.

"Mà, bàbá mi mọ èyí!"

"Ṣé máàpù ni bàbá rẹ ń yà?"

"Rárá, mà. Ẹja ló ń pa."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí eyín ẹ̀ nìyẹn. Èmi ò bínú. Gbogbo ọjọ́ yẹn, ńṣe ni mò ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀. Bàbá mi tí kò mọ a yàtọ̀ sí b, ohun tó wà nínú ìwé òyìnbó ló ti ń ṣe láti kékeré!

Kí wọ́n tó fún wa níwèé ẹ̀rí, a ní láti lọ kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n rán mi padà sí etí omi wa, sí ilé ìwé mọ́dà kan lọ́nà Ugbónlà. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Mísì. Mísì! Èmi! Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè mí, mo máa ń fẹ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni.

Lọ́jọ́ kan, ìsípẹ́kítọ̀ dé láti wá wo bí mo ṣe ń kọ́ wọn. Òyìnbó ni. Ọkọ̀ ti ta omi sí i lára, ṣòkòtò ẹ̀ tutù dé orúnkún, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì ó ń fún un. Ìlà méjì yẹn ni mo mú láti kọ́ wọn. Mo fi agogo ilé ìwé ṣe àkàwé, mo fi ilé ọ̀gá àgbà ṣe àkàwé. Àwọn ọmọ ń wò mí bí ẹja tó ti kú. Ọ̀kan ń yán. Ìsípẹ́kítọ̀ kọ nǹkan kan sínú ìwé ẹ̀, kò sì gbójú sókè mọ́. Mo rí i pé ìwé ẹ̀rí mi ń bọ́ lọ lójú mi kedere.

Ni mo bá yíjú sí pátákó ìkọ̀wé. Mo ya òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ya àgbọn olórí méjì sẹ́yìn ẹ̀. Mo ya ẹnu odò. Mo fa ìlà kan, mo fa èkejì, ibi tí wọ́n ti pàdé lójú òkun, mo ya ẹja ńlá kan síbẹ̀, mo tiẹ̀ tún fún un ní irun imú.

"Mísì!" ọmọbìnrin kan fò dìde. "Mo mọ àgbọn yẹn! Ẹ̀yìn ilé wa ló wà!"

"Tí a bá wá tọ ìlà yìí ńkọ́, Mísì?"

"Ṣé ẹja wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ dáadáa," ni mo wí. Ẹnu èmi náà ló sọ ọ́.

Kíláàsì yí padà bí ọjà. Ìsípẹ́kítọ̀ dìde, ó wá síwájú pẹ̀lú ṣòkòtò tútù ẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní kí gbogbo wọn yà á sínú ìwé wọn. Òun náà yà á sínú tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gba ìwé àwọn ọmọ náà jọ, mo fi yíǹkì pupa kọ "O káre" sí i níkọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rántí pé ọmọ apẹja ni gbogbo wọn. Ilé apẹja ni wọ́n ń gbé ìwé yẹn lọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà pé, mo padà sílé, mo bá bàbá mi jáde lọ́wọ́ àárọ̀. Bá a ṣe ń súnmọ́ ibú wa, ó dá àjẹ̀ dúró. Ọkọ̀ méje wà níbẹ̀. Méje! Àwọ̀n bo ojú omi bí ewé. Bàbá mi kò pariwo. Kí ni yóò wí? Òkun kì í ṣe ti ẹnì kan. Ó kí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀! Ẹ wá bá wa dá sí i, ẹja pọ̀!"

Ọkùnrin tó dá a lóhùn bọ́ fìlà láti fi nu òógùn. Mo rí bébà tí wọ́n ká sínú fìlà náà. Mo rí yíǹkì pupa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ wa dànù, bẹ́ẹ̀ omi kankan ò sí nínú ẹ̀.

Bàbá mi yí ọkọ̀ padà. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi ló tà mí," ló wí. "Àwa mẹ́ta la mọ̀ ọ́n. Mi ò tà á. Ìwọ, ìwé lò ń kà."

Nígbà tá a gúnlẹ̀, èmi ni mo gbé àwọ̀n gbígbẹ wa gòkè.

Láti ọjọ́ yẹn, kò dá àbúrò rẹ̀ lóhùn mọ́. Ẹni yẹn búra títí, ó ní òun ò ta nǹkan kan, bàbá mi fi í sílẹ̀ lórí afárá pátákó, ó bá tirẹ̀ lọ. Oṣù méjì gbáko. Ẹja tó ń wọ ilé wa kò kún agbọ̀n mọ́, iná ààrò Iye mi kì í pẹ́ kú. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń jẹ, mò ń dúró de lẹ́tà.

Lẹ́tà wá dé. Bàbá mi jó! Ọkùnrin tí kì í jó. Ó ní ká pe gbogbo ẹbí.

"Àbúrò yín ńkọ́?" Iye mi bi í.

"Ẹbí ni mo wí," ló dáhùn. "Mi ò ní ká pe ọ̀dàlẹ̀."

Ilé la wà, mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ ibú níbẹ̀. Mo ní kó gbé mi jáde díẹ̀, kí n fi lẹ́tà mi han òkun. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé mi lọ. Nígbà tí pátákó ilé wa ti jìnnà sẹ́yìn, mo bu omi òkun, mo fi ṣan ẹnu. Àjẹ̀ dúró lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo yà á sójú pátákó ìkọ̀wé."

Mo sọ gbogbo ẹ̀, títí dé yíǹkì pupa, títí dé irun imú ẹja. Mi ò wo ojú ẹ̀. Ó gbé àjẹ̀ sínú ọkọ̀, ó bi mí léèrè.

"Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì náà?"

"Wọ́n lé ní ọgbọ̀n, Bàbá."

"Òyìnbó náà sì yà á?"

"Ó yà á."

Kò lù mí, kò bú mi. Ó yí orí ọkọ̀ sí ilé àbúrò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí pátákó ẹnu ọ̀nà wọn, lẹ́tà mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá mi alára tẹrí ba fún àbúrò rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Àbúrò bàbá mi wò mí, ó wo lẹ́tà, ó mí kanlẹ̀.

"Mo sọ pé yóò kó o lọ sílé ọkọ," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ilé ìwé ni ọkọ ẹ̀." Ó wá tú yẹ̀ẹ́ sẹ́rìn-ín, ó fà mí dìde. "Tíṣà! Ó dára, ẹja mélòó lẹ máa sè fún mi lọ́jọ́ àríyá?"

Wọ́n sè é. Mo jó, inú mi dùn, mi ò ní purọ́, inú mi ṣì ń dùn títí dòní.

Àwọn méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pọ̀ pẹ̀lú okùn gígùn tí wọ́n so òkúta mọ́ láti fi wọn bí omi ṣe jìn tó, wọ́n ń wá ibú mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n tó lọ gba iṣẹ́, bàbá mi ní àwọn ti rí ọ̀kan, kí n bá òun jáde, ara àbúrò òun ò yá. A rìn lójú omi títí. Mo wẹ̀yìn wò, mo rí àwọn igi etí omi tó ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà fúnra ẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àpẹẹrẹ wo ni n kò ní fi han àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí kíláàsì bá tún fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́? Mo tú gèlè mi, mo fi bo ojú mi.

Mo gbọ́ tí àjẹ̀ dúró.

"Tíṣà, ṣé oorun ni?"

"Rárá, Bàbá."

Omi ń gbá ara ọkọ̀.

"Fa gèlè yẹn wálẹ̀ sí i," ló wí, ohùn ẹ̀ rọ̀. "Ó kù díẹ̀ ká débẹ̀."