Ẹ̀rọ Ìgégi Tó Bu Bàbá Mi Jẹ

Àpá kan wà lára bàbá mi, láti abẹ́ etí òsì títí dé èjìká. Ní kékeré mi, bí mo bá bi í pé kí ló ṣe é, ìdáhùn kan náà ni: "Ọ̀rẹ́ mi ni." Bí mo bá tún bi í pé báwo, á ní kí n lọ sùn. Ìyá mi ló ṣàlàyé fún mi. Iṣẹ́ gẹdú ni bàbá mi ń ṣe nínú igbó Oǹdó, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi tú ike tó wà níwájú ọwọ́ ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú koríko, ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Dá nǹkan yẹn padà o. Bí o ò bá dá a padà, ẹ̀rọ yìí á ṣe ọ́ léṣe." Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀rọ náà ti fò padà, ó ti bu ọrùn rẹ̀ jẹ.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe tí bàbá mi fi dá ẹjọ́ náà nìyẹn. Èpè ni ọ̀rẹ́ òun ṣẹ́ fún òun. Nígbà tí ọkùnrin náà wá kí i ní ọsibítù, bàbá mi ní kí wọ́n lé e jáde, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Kí ìyá mi tó kú, ó fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin náà. Ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn méjèèjì kú sínú ìjà.

Àfi bí ẹni pé wọ́n rán mi, iṣẹ́ igi náà ni èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gbà ní London. Bàbá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Peckham nígbà náà, inú rẹ̀ kò sì dùn. "Gbogbo iṣẹ́ tó wà nílùú òyìnbó yìí, kò sí èyí tó wù ọ́ àfi èyí tó fẹ́ pa mí?" Mi ò ní purọ́, àpá yẹn wà lára ohun tó fà mí síbẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe máa ń gbọ́ èpè.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́, nínú ọgbà kan ní Sydenham, obìnrin tó ń kọ́ wa fi ṣọ́ọ̀kì pupa kun imú irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lára rẹ̀, apá òkè nìkan. Ó ní bí ibi pupa yìí bá kan igi nígbà tí ṣéènì ń sáré, gbogbo irin náà á ta sókè, á sì padà sójú ẹni tó mú un kó tó ṣẹ́jú. Ó ní ká fi àtàǹpàkò òsì yí ọwọ́ ẹ̀rọ po dáadáa, ká dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọrùn wa má bàa wà lójú ọ̀nà irin, ká má sì gbé e kọjá èjìká láéláé. Ike iwájú ọwọ́ yẹn, bíréèkì ni. Bí ẹ̀rọ bá fò, ẹ̀yìn ọwọ́ á tì í, ṣéènì á dúró. Mò ń wo ibi pupa yẹn, ọrùn bàbá mi ni mò ń rí. Mi ò gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ tẹ̀ lé e.

Ní Sunday, mo mú irin àlòkù kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì, ṣéènì rẹ̀ ti kújú. Bàbá mi ń mu tíì ní kíṣíìnì. Mo gbé iṣu ńlá kan sórí tábìlì, mo fi kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí ẹ ṣe gé igi lọ́jọ́ yẹn hàn mí."

"Ọjọ́ wo?"

"Ẹ mọ ọjọ́ tí mò ń sọ."

Mo rò pé yóò lé mi jáde nínú kíṣíìnì ara mi. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ kì í rí irinṣẹ́ kó mójú kúrò. Ó gba irin náà, ó fọwọ́ kan eyín ṣéènì, ó ní, "Ta ló ń pọ́n èyí fún yín?" Ó gbé e lé iṣu ńlá, ó ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀. Imú irin yọ lódì kejì, apá òkè rẹ̀ kan iṣu kékeré. Ó dúró.

"Kí ló wà lẹ́yìn igi yẹn, Daddy?"

"Ẹ̀ka kan. Mo rí i, mo fojú di í."

Mo ṣàlàyé kickback fún un, bí irin ṣe máa ń ta padà sójú ẹni tó mú un, ó sì bi mí ní ìbéèrè ju bí mo ṣe bi tíṣà mi lọ. Bí ṣéènì bá mú ńkọ́? Bí irin bá kúrú ńkọ́? A tún un ṣe, a tún un ṣe, títí èèpo iṣu fi kún ilẹ̀.

"Ọ̀gá yín náà máa ń sọ̀rọ̀ yìí fún yín?"

"Every morning, Daddy. Safety talk ni. Wọ́n á ní tí a ò bá check bíréèkì, ẹ̀rọ máa ṣe wá léṣe."

"Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn."

Ó fọwọ́ pa àpá ọrùn rẹ̀. "Kí lẹ wá ń sọ fún un?"

"A máa ń sọ pé thank you ni."

Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ pé kí n gbé fóònù wá. Mo tẹ nọ́ńbà tí ìyá mi fún mi, mo sì fi í sí sípíkà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ jù. Ohùn àgbàlagbà kan dáhùn. Bàbá mi kí i ní sàlámà, ó ní, "Èmi ni."

"Mo mọ ohùn rẹ."

"Ìkìlọ̀ lo ṣe fún mi lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo pè é ní èpè. Má bínú."

Ọkùnrin náà ní, "Ike yẹn wà lọ́wọ́ mi. Mo wá a nínú koríko lọ́jọ́ kejì. Mo ní wàá wá gbà á."

Bàbá mi gbé fóònù sáàárín iṣu méjèèjì, ó sì sunkún.