Àwọ̀ Tí Mo Ń Pè fún Bàbá Mi Nídìí Iná

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ifọ̀, èmi ni mò ń bá bàbá mi wo àwọ̀ irin. Alágbẹ̀dẹ ni, ará Ọ̀yọ́ tó wá gba yàrá síbẹ̀. Irin abẹ́ ọkọ̀ tó ti gbó, èyí tí wọ́n ń pè ní sípíríǹgì, ló fi ń rọ àdá fún àwọn àgbẹ̀ Ọ̀fàdà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nítòsí àgbẹ̀dẹ bíi tèmi, ẹ ó rántí òórùn èédú àti ọ́ìlì jíjóná tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, tí ọṣẹ ò ràn.

Irin tó bá ti pọ́n yòò, inú ọ́ìlì dúdú ni bàbá mi ń tì í bọ̀. Ṣàà! Èéfín á gba gbogbo ojú. Irin ti le nìyẹn, ṣùgbọ́n ó le jù. Bó bá já bọ́, á fọ́ bí àwo. Bàbá á fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí á fi dán, á wá dá a padà sórí iná jẹ́jẹ́ kó lè rọ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọ̀ máa ń rìn lára irin: á kọ́kọ́ dà bí oyin, á dà bí àkàrà, á wá dà bí ọrùn ẹyẹlé. Àkàrà ti tó fún àdá.

Iná ti ń ba ojú bàbá mi jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èmi àti màmá mi nìkan la mọ̀. Màmá a máa ní, "Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn o." Nítorí náà, mo ń jókòó sídìí ẹwìrì bí ẹni tó kàn ń fẹ́ná, mo ń pe àwọ̀ sí i létí.

Lọ́jọ́ kan, bọ̀dá kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbógun gbé idà tó ṣẹ́ wá. Idà eré ni, tín-ín-rín, kò mú rárá. Ó ní wọ́n máa ń wọ ìbòjú, wọ́n á fi gún ara wọn láyà, idà á tẹ̀ kọrọdọ, á tún nà padà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ o. Tó bá ṣẹ́, ojú ibi tó ṣẹ́ yẹn á wọ ẹnìkejì mi lára ni."

"Ọrùn ẹyẹlé lo ń fẹ́ yẹn," ni bàbá mi dáhùn. Bọ̀dá kò mọ̀ pé àwọ̀ tí irin fi ń tẹ̀ láìṣẹ́ ni bàbá ń sọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá fi lu idà náà. Lọ́jọ́ Sátidé tó ku iná ìkẹyìn, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́ eré tẹ́ǹtẹ́ǹ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń pè mí. Irin ṣì wà ní oyin. Ẹsẹ̀ ń yún mi. Mo ní, "Ó ti dé ọrùn ẹyẹlé, Bàbá!" Ó yọ ọ́. Mo sáré lọ.

Ìrẹsì ọjọ́ Sọ́ńdè, tí mo máa ń lá àwo rẹ̀, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnìkejì bọ̀dá yẹn, tí n kò mọ̀ rí, ni mò ń rò. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, irọ́ ni mo pa. Oyin ni mo rí."

Ó dìde, ó fi àpò wé idà náà, ó tẹ̀ ẹ́. Pá! Ó di méjì. Mo ti nawọ́ sílẹ̀ de pàṣán, ṣùgbọ́n kò nà mí. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀bi rẹ nìkan kọ́. Èmi ni mo gbé ẹrù àgbà ru ọmọdé."

Nígbà tí bọ̀dá dé lọ́jọ́ kejì, bàbá kó irin méjèèjì lé e lọ́wọ́. "Ojú mi ti ń ṣú. Ọmọ mi ló ń bá mi wò ó." Màmá mi káwọ́ lérí. Bọ̀dá wò mí, ó wo bàbá, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì. "Ẹ tún un rọ, Bàbá. A ó jọ wò ó ni." Ìyẹn kò ṣẹ́. Àwọn oníbàárà kan gbọ́, wọn ò padà wá mọ́. Àwọn tó kù ń wá, wọ́n ń jókòó tì wá.

Ayé ti yí. Mówé ni mò ń gbé báyìí pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mi. Bàbá wà lọ́dọ̀ wa, kò ríran mọ́ rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i lórí fóònù bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe idà eré: inú àpótí ni iná wà, nọ́ńbà ló ń sọ bó ṣe gbóná tó, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá.

"Ta ló ń bá wọn wo àwọ̀?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í sá lọ ṣe tẹ́ǹtẹ́ǹ."

Ọmọ mi, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, gbórí sókè. "Bàbá àgbà, ta ló sá lọ?"

Ojú tì mí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí ibi tí ohùn ọmọ náà ti wá.

"Mi ò rí ẹni náà o," ló wí.