Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ọpọlọ Eku

Iṣẹ́ tí màmá mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì kì í tètè yé àlejò. Òun ló ń kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí ọpọlọ eku ń ṣe nínú yàrá ìwádìí kan. Bàbá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "O ń gbọ́ ohun tó wà nínú orí eku, èmi tí mo ń pè ẹ́ láti pálọ̀, o ò gbọ́."

Wáyà tín-ín-rín bí irun ló ń ti orí eku wọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á yọ ariwo iná mànàmáná kúrò, á sọ ìyókù di ìró nínú sípíkà, pá, pá-pá, bí gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò. Kò sì gbọdọ̀ falẹ̀. Kí eku tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ẹ̀rọ ti gbọdọ̀ gbọ́.

Ìgbà kan wà tí ariwo kan kọ̀ tí kò lọ. Màmá mi àti Dókítà, obìnrin tó ni ìwádìí náà, pa gbogbo iná, wọ́n yọ fíríìjì, ariwo náà ṣì ń kùn bí oyin. Àṣé fáànù ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni, lẹ́yìn ògiri. Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ kó máa pa á lọ́sàn-án.

"Ṣé eku ló ní kí n máa làágùn?" ni ọkùnrin náà bi wọ́n. Ó ráhùn díẹ̀, ó sì pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, eku sáré ní ojú ọ̀nà tí wọ́n là fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó ká jọ, ó sùn. Wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí sípíkà tún bẹ̀rẹ̀. Ìró tó ń dún nígbà tí eku ń sáré náà ni, bó ṣe tẹ̀ léra gẹ́lẹ́, àmọ́ ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ṣé ohun tí mò ń gbọ́ lẹ̀ ń gbọ́?"

"Ó ń sáré lójú oorun," ni màmá mi dáhùn.

Ẹ̀ṣọ́ wá béèrè bóyá òun lè tan fáànù. Wọ́n fọwọ́ sẹ́nu fún un, òun náà dúró, ó ń gbọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n ra èyí tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Lọ́dún tó kọjá, Dókítà, tí orí rẹ̀ ti funfun báyìí, ní ká wá wò ó. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé màmá mi lọ. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́, ìlà wẹ́wẹ́ ń kọjá lójú ẹ̀rọ.

"Ẹ kì í gbọ́ ọ ni?" ni màmá mi bi àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀.

"À ń wò ó ni, mà."

Màmá mi gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. "Ó tutù."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Tiwa máa ń gbóná. Ṣebí orí ẹ̀ lẹ máa ń gbé wàrà ọmọ yín sí, kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Ọmọ ọ̀hún rèé," ni màmá mi wí, ó nawọ́ sí mi.

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wàrà yìí rí. Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú jáde, wọ́n ń sọ ọ́ lọ títí a fi dé ìdí ọkọ̀.