Pẹ̀lẹ́ Kì í Ṣe Ìjẹ́wọ́

Bí ènìyàn bá kọsẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ẹni tí ó wà nítòsí kò sì sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, a ó ní wọn kò kọ́ onítọ̀hún nílé. Medinat, ọmọ Jimoh awabọ́ọ̀sì, kò pẹ́ ní Ìjẹ̀bú. Connaught Estate ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó dàgbà sí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé. Ẹ̀kọ́ ilé yìí gan-an ni wọ́n sọ di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Thamesmead ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá òyìnbó kan ti yọ̀ ṣubú nínú yàrá rẹ̀ kí Medinat tó wọlé bá a. Ó sáré kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó rọra ń wá ibi tí ó ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́: "Sọ́rì, sà. Sọ́rì. Sọ́rì."

Ọ̀gá wọn gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Kí ni ó kọ sínú ìròyìn? Pé òṣìṣẹ́ náà ti tọrọ àforíjì, nítorí náà ó ti jẹ́wọ́ pé òun ni ó jẹ́ kí bàbá ṣubú! Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí kì í bá ṣe pé iyè bàbá náà ṣì pé, tí ó sì là á yé wọn pé bàtà òun ni ó yọ̀, wọn ì bá ti ba orúkọ ọmọlọ́mọ jẹ́.

Láti ọjọ́ tí ó ti gbé ọwọ́ lé bàbá yẹn lẹ́yìn ni Medinat ti mọ ohun tí ó fẹ́ dà: dókítà ọ̀sítíópátì, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Amẹ́ríkà, tí ń fi ọwọ́ tọ́ iṣan àti egungun sọ́nà, tí ó sì tún ń kọ oògùn fúnni. Àlàyé kan ṣoṣo tí ó bá kọ nípa ara rẹ̀ láti fi wá àyè ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ náà yóò kà. Bí ó bá ti fi ránṣẹ́, kò sí àtúnṣe mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi ní kí Asher, ọmọ Mummy Bernice aládùúgbò wọn, tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Asher jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìdáná àwọn Medinat, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ó yọ bàbá tí ó ṣubú. Ó yọ ìkúnlẹ̀. Ó yọ sọ́rì. Ó wá fi ohun mẹ́ta tí kò ṣẹlẹ̀ rí dípò wọn: abúlé tí kò ní dókítà, odò tí Medinat ń là kọjá lọ sí ilé-ìwé, àti ìyá àgbà tí ó kú nítorí àìrí ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà ń bẹ láyé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó ń fi fóònù yọ gbogbo wọn lẹ́nu!

"Medi, o ò lè kọ sọ́rì síbẹ̀," ni Asher wí. "Wọ́n máa rò pé ìwọ lo jẹ́ kó ṣubú, trust me."

Afusat, ìyá Medinat, tí ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, dáwọ́ dúró.

"Asher, ọjọ́ tí o yọ̀ lórí yìnyín ní Beresford Square, tí o nà gbalaja síwájú àwọn tó ń ta èso, kí ni mo sọ fún ẹ?"

"O ní sọ́rì, Auntie."

"'O' kẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?"

"Ẹ ní sọ́rì, ma."

"Ṣé èmi ni mo tì ẹ́?"

"Rárá, ma. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó..."

"Òyìnbó ò mọ̀ ọ́n, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n? Tí o bá ń sín, tí Mummy ẹ ní pẹ̀lẹ́, ṣé òun ló bu ata sí ẹ nímú?"

Asher rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Medinat kò rẹ́rìn-ín. Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Tí mo bá yọ ọ́ kúrò, mo ti gbà pé òótọ́ ni ọ̀gá yẹn sọ nìyẹn. Mi ò yọ ọ́!"

Ó pa abúlé rẹ́, ó pa odò rẹ́, ó jí ìyá àgbà dìde. Ó dá bàbá tí ó ṣubú padà sí àyè rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà bí a ti ń kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn òun ń sọ fún ẹni tí ara ń ro nìyí, ìbáà jẹ́ àwọn ni ó fa ìrora náà tàbí wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Pé sọ́rì ni èyí tí ó sún mọ́ ọn jù tí òun rí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àti pé wọ́n torí rẹ̀ fi ẹ̀sùn kan òun.

"Tí wọn ò bá wá gbà ẹ́ ńkọ́?" ni Asher bi í.

"Kí wọ́n kọ̀ mí nítorí ohun tí mo ṣe. Kí wọ́n má gbà mí nítorí òkú tí kò kú."

Ó sì fi í ránṣẹ́ lójú àwọn méjèèjì.