Ìwé Tí Ọkọ Mi Ń Kà Fún Mi ní Turin

Kí físà mi tó jáde láti lọ bá ọkọ mi ní Turin, ó ti dàjèjì sí mi. Ẹgbẹ́ ni wá níléèwé gíga, a sì fẹ́ra dénú kó tó rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù la sì fi ń sọ tiwa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó bá ti fọwọ́ kàn mí báyìí, ara mi á gan. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìgbéyàwó wa ti kú, a ò kàn tíì sọ ọ́ jáde ni.

Alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ní Settimo Torinese, lẹ́bàá Turin. Bó bá ń sùn lọ́sàn-án, mi ò lè jókòó. Mo lọ sójú fèrèsé, mo padà sẹ́nu ọ̀nà, mo kó aṣọ sínú báàgì, mo tún tú u. Ọ̀rẹ́ mi kan nílùú Reggio Emilia ń pè mí ṣáá: "Sister mi, máa bọ̀ jàre! Lavoro, iṣẹ́ gidi, wà níbí. Ṣé wọ́n so ẹ́ mọ́lẹ̀ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi mú ògbólógbòó ìwé kan bọ̀. Ìwé ayé àtijọ́ àwọn ará Íńdíà ni, lórí bí tọkọtaya ṣe ń gbádùn ara wọn lórí ibùsùn, tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Italy. Inú bí mi. Òun, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì! Ó ní kí n ṣáà gbọ́ ná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ìwé, ó ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi:

"Ọkọ ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tútù kan aya rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń já a láyà, kó sì dákẹ́ gbọ́."

Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé termosifone tó ń mú yàrá móoru, títí ọwọ́ fi gbóná, ó wá bi mí. Mo tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láràárọ̀ ló ń kà á bẹ́ẹ̀, ara mi sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo ti ń kọ́ èdè Italy nígbà náà. Lọ́sàn-án kan tó sùn, mo ṣí ìwé yẹn. Mo wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọwọ́ tútù tì. Ọ̀rọ̀ fífi èékánná ha ara ni mo bá níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi eyín gé ètè jẹ. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbọ̀n mí. Mo rò pé èmi nìkan lẹ̀rù ń bà, àṣé òun náà ń fúnra rẹ̀ hun ọ̀rọ̀ tó máa fi mú mi dúró.

Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni n óò kà á lónìí. Wọ́n ní kí ọkọ sún mọ́ aya rẹ̀ dáadáa."

"Ojú ìwé wo nìyẹn?"

"Èyí tó tẹ̀ lé tìẹ ni."