Áàpù Tó Ní Ìyá Mi Ti Jẹun

Lọ́jọ́ tí ìyá mi dákú sórí àga nílé wa ní Dutse Alhaji, fóònù mi sọ fún mi pé ó ti jẹun tán. Èmi fúnra mi ni mo sì kọ́ fóònù náà láti máa sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ohun tójú mi rí, torí ó ti ń wúwo jù fún mi láti dá gbé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni Ìyé wá sọ́dọ̀ mi. Ìyé ni àwa ará Yàgbà ń pe ìyá. Ìtọ̀ ṣúgà ló gbé e wá sí Àbújá. Minna ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la ń rí i, nítorí náà àwa mẹ́ta la máa ń wà nílé: èmi, Ìyé, àti Tómi ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje.

Kò sí àárọ̀ kan tí Ìyé kì í sọ̀rọ̀ ilé. Yóò jókòó sí bárándà, yóò kọjú sí ọ̀nà Bwari bí ẹni pé ọkọ̀ tó ń lọ sí Yàgbà máa gba ibẹ̀ kọjá. Yóò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òjò ti rọ̀ nílé, bí ẹni pé èmi ni mo ń rọ òjò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà nílé ti ní òun ṣe tán láti wá mú un nígbàkigbà.

Èmi ni mi ò fẹ́ kó lọ. Ká sọ òótọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo wà tí mo ti kúrò nílé lọ kàwé. Láti ìgbà náà, n kò tíì bá ìyá mi gbé tó oṣù kan gbáko rí. Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí yóò tún jọ̀wọ́ ẹ̀ lọ?

Oúnjẹ ló sì ń lé e lọ. Ìwé tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn kún fún ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Mo wá àwọn áàpù tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n ewébẹ̀ tí n kò rí rí lọ́jà kankan ni wọ́n ń dárúkọ. Ìyé wo àwòrán rẹ̀ títí, ó wá béèrè bóyá ewúrẹ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Bí mo ṣe lọ bá Sàlíù nìyẹn. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí gáréèjì Jabi, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ áàpù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní iyọ̀ nìkan ló ń dá ìjà sílẹ̀ nílé àwọn, nítorí náà kí a ṣe é kíá, kí òun lè rí ibi sùn.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Akọ̀ròyìn ni mí, ìbéèrè ni mo fi ń jẹun. Mo lọ bá onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn náà, obìnrin kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tó ní sùúrù bí ìgbín. Mo bá àwọn ará ìlú wa tó ní irú àìsàn yìí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ń gbé oúnjẹ sórí òṣùwọ̀n, nítorí náà ìkúùkù àti ṣíbí ìgbàkọ la fi wọ̀n ọ́n nínú áàpù wa. A fi ẹ̀wà sí i, a fi mọ́ínmọ́ín àti oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ sí i. Iyán tó tó ìkúùkù kan péré, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ni mo bẹ onímọ̀ oúnjẹ fún bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n!

Ojú Ìyé kò ríran dáadáa mọ́, torí náà a kò kọ ọ̀rọ̀ sójú fóònù rẹ̀. Àwòrán abọ́ ńlá kan tó ṣófo ni Sàlíù yà síbẹ̀. Tí abọ́ bá ti ṣófo, kí Ìyé tẹ àwòrán náà. Fóònù yóò rán an létí láti lo oògùn rẹ̀, yóò sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí tèmi pé ó ti jẹun. Láàárọ̀, kí n tó jáde, èmi á ti bu oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sílẹ̀, n ó sì kọ ọ́ sínú áàpù.

Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe ń dùn! Mo lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjà Dei-Dei, kí àwọn oníṣòwò pákó máa ka ẹ̀sùn sí ara wọn lọ́rùn níwájú mi. Tí fóònù mi bá ti dún ní agogo méjì, ọkàn mi á balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó dún ní agogo méjì bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo dé ilé ní agogo mẹ́rin, Ìyé wà lórí àga, òógùn ti bo gbogbo ara rẹ̀, orí rẹ̀ ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo pè é, kò dáhùn. N kò mọ bí mo ṣe fi ọkọ̀ gbé òun àti Tómi dé ilé ìwòsàn.

Ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n fa omi sí i lára, dókítà sì béèrè ohun tó jẹ. Mo na fóònù sí i bí ẹni mú ẹ̀rí wá sí kóòtù: mọ́ínmọ́ín méjì, ẹja, ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ tán pátá. Ó wò ó, ó dá a padà fún mi.

Ó ní, "Màdáámù, ẹni tó jẹ oúnjẹ yìí kọ́ ni mò ń tọ́jú."

Mo pe Sàlíù. Ó sáré wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yẹ gbogbo ìṣirò wò lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn, ó ní òun kò rí àṣìṣe kankan. Nígbà tí Ìyé lajú, mo bi í bóyá abọ́ ṣófo kó tó tẹ fóònù. Inú bí i. Ó ní ó ṣófo, àti pé ìgbà wo lòun ti di òpùrọ́ lójú mi?

Láti ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ẹni tó wà níbẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀? Tómi ni! Ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di gèlè ìyá àgbà rẹ̀ mú, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.

Tómi ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé Ìyé kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Lójoojúmọ́ ló ń pe òun wá jẹ ìyókù. Tí òun bá ti lá abọ́ mọ́, Ìyé á wá tẹ fóònù. Lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé mọ́ínmọ́ín ni òun fẹ́ràn jù, Ìyé kàn tọ́ ọ wò ni, ó ti gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀ òun. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun lòun jẹ́ kí Ìyé ṣàìsàn.

Sàlíù pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ìyé ló rẹ́rìn-ín níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé," ló wí. "Àbí Àbújá ti jẹ́ kí o gbàgbé ni?"

N kò gbàgbé o! Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí Tómi, ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá bàbá mi ni mo máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, tí n ó máa retí ìsàlẹ̀ abọ́ rẹ̀: iyán tó ti tutù díẹ̀, ọbẹ̀ tó ti ki, àti orí ẹja tó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tíì sí oúnjẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi. Báwo wá ni mo ṣe ṣe áàpù oúnjẹ fún àwọn àgbà wa, tí mo bi wọ́n bóyá abọ́ ṣófo, tí n kò bi wọ́n pé ta ló jẹ ẹ́? Oògùn odindi abọ́ ni ìyá mi ń lò, ìdajì abọ́ ló ń jẹ. Ìyókù ló fi ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò lè sọ èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kí ni mo fẹ́ bá a jiyàn lé? Èmi àti Tómi sìn wọ́n dé gáréèjì Jabi. Ìyé kí Tómi láti ojú fèrèsé ọkọ̀ bí a ṣe ń kí ara wa nílé: "Òkun o." Ọmọ náà dá a lóhùn, "Òkun o, Ìyé." Ọkọ̀ ti ń rìn kí n tó rí i pé n kò tíì dágbére fún un.

Bárándà ṣófo báyìí. Tómi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdajì oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, yóò fi àwo mìíràn bò ó. Mo bi í pé ta ló fi í sílẹ̀ fún. Ó fi Yorùbá dá mi lóhùn: "Ti Ìyé ni." Tó bá ti wọlé lọ sùn, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́.

Ohun tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: kí o tó wọn oúnjẹ àgbà, kọ́kọ́ wo àwọn tó ń retí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń jẹ ìyókù àwọn àgbà yín? Abọ́ ta lẹ̀yin náà lá nígbà èwe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èmi àti Sàlíù ń kà á, nítorí a ó nílò rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo áàpù náà títí àwọn yóò fi dán an wò pẹ̀lú àwọn aláìsàn díẹ̀ lójú ara wọn. Onímọ̀ oúnjẹ ní abọ́ méjì ni kí Sàlíù yà síbẹ̀: ti àgbà, àti kékeré kan tí a ó ti bu ìpín ọmọ sí kí àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ní Ìyé ni kó kọ́kọ́ wá dán an wò, nígbà tó bá ń bọ̀ wá rí dókítà lẹ́yìn ìkórè iṣu. Ó sì ní kí a mú Tómi dání.